Kòfó Ní Kí N Má Fọwọ́ Kan Ibí Yìí

Oṣù kẹta ọdún 1998 ni iṣẹ́ ìwé orin náà dé ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Ìbíkúnlé ní Yábàá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Sùúrùlérè ló gbé e wá: irinwó orin, gbogbo rẹ̀ ní èdè Yorùbá, wọ́n sì fẹ́ kí àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ pé sórí gbogbo lẹ́tà tó yẹ. Alàgbà tó kó ìwé àfọwọ́kọ náà wá kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jáde pé òun ò fẹ́ kí wọ́n fi bírò to àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́ tán, bí àwọn atẹ̀wé yòókù ṣe máa ń ṣe. Ó ní bí "ọkọ" bá lọ di "oko" lójú ìwé, ẹ̀rín ni ìjọ máa rín, wọn ò ní kọrin.

Kòfowórọlá ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Kòfó ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà tó wà ní gbogbo Yábàá ò ju èyí téèyàn lè fi ìka kà lọ. Iṣẹ́ tó bá ti le jù fún àwọn yòókù nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa ń balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n èyí le fún òun náà. Ẹ, ọ àti ṣ ò sí nínú ètò ìtẹ̀wé kankan tí wọ́n ní. Bó bá fi ipá to àmì sábẹ́ wọn, àmì náà á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé.

Julius tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Ẹnì kan tó dé láti ìlú òyìnbó ló fún un ní àwo CD mẹ́fà nínú páálí kékeré. Ètò kọ̀ǹpútà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà nínú wọn, ètò tí àwọn tó ṣe wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Kì í ṣe ètò náà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Inú rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, kó kà, kó sì tún un ṣe, àti ìwé àlàyé tí wọ́n kọ tì í.

"Àǹtí Kòfó, ẹnì kan ti ní láti ní irú ìṣòro yìí rí ní ibì kan láyé," ni Julius wí. "Ẹ jẹ́ ká wá onítọ̀hún."

"Nínú àwo mẹ́fà? Ìgbà wo la máa kà á tán?"

"Àwa kọ́ la máa kà á. Ẹ ṣáà sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń wá, kọ̀ǹpútà ló máa kà á."

Àṣẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí wọ́n ń pè ní grep. Téèyàn bá ti fún un ní ọ̀rọ̀ kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwo dé òpin rẹ̀. Ìlà tó bá ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé, á gbé e síta pẹ̀lú orúkọ fáìlì tó ti rí i. Kòfó fún un ní "dotbelow", orúkọ tí àwọn akọ-ètò ń pe àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwo kan ń gbà tó wákàtí kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, NEPA mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, àwo méjì péré ni wọ́n rí wò. Kòfó rí i pé àwọn ará Vietnam ní lẹ́tà tó lámì lábẹ́, àwọn ará Íńdíà náà sì ní in tí wọ́n bá fi lẹ́tà òyìnbó kọ èdè wọn. Ó ka ìwé àlàyé wọn bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Kò mọ̀ pé èèyàn pọ̀ tó báyìí kiri ayé tí àmì kékeré kan ń dà láàmú.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ṣàjèjì sí i. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ rí, òun àti Adéṣínà. Kò kàn fẹ́ rántí ni.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Yábàá ni wọ́n ti pàdé lọ́dún 1989. Adéṣínà jẹ́ ọmọ Ìwáyà, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Ó ga, ó tínrín, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Nígbà tó di ọdún 1991, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kan tí yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ Yorùbá bó ṣe yẹ. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń ṣe é, tí yàrá kọ̀ǹpútà bá ṣófo. Adéṣínà á kọ, Kòfó á wá àṣìṣe. Ìjà wọn kan ṣoṣo ni pé bí ibì kan bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni Adéṣínà á fẹ́ tún fọwọ́ kàn, tí yóò sì bà á jẹ́. Nínú kóòdù, ààyè wà téèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí tí kọ̀ǹpútà ò ní kà, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èèyàn fi ń kọ ọ́. Yorùbá ni àwọn méjèèjì fi ń kọ tiwọn, wọ́n ní ta ni yóò kà á bí kì í ṣe àwọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, Adéṣínà lọ sí orílẹ̀-èdè Netherlands. Ilé méjèèjì ti mọ ara wọn nígbà yẹn, ìyá Adéṣínà sì ti ń pe Kòfó ní ìyàwó. Ó kó dísíìkì ètò wọn dání lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni lẹ́tà rẹ̀ ń dé níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó di oṣù kan, lẹ́yìn oṣù kẹjọ ọdún 1994 kò dé mọ́. Kòfó kọ̀wé títí. Kò rí èsì kankan.

Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé láti Netherlands sí ilé tó ń gbé ní Mushin. Orúkọ rẹ̀ ló wà lójú àpòòwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ Adéṣínà kọ́ ló kọ ọ́. Orúkọ òyìnbó kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò lè mọ̀ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yí i padà lọ́wọ́. Ó dá a lójú pé obìnrin ni. Ó rí obìnrin náà lójú inú rẹ̀, tó jókòó sídìí tábìlì, tó ń fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kò ṣí i. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sójú àpòòwé pé ẹni yìí ò sí níbí mọ́, kí wọ́n dá a padà, ó sì fi lé òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí oṣù náà tó parí, ó kó kúrò nílé ọ̀hún.

Láti ìgbà náà ni kò ti dé Ìwáyà mọ́. Ó pàdé ìyá Adéṣínà lẹ́ẹ̀kan ní ọjà Tejúoṣó, ìyá náà gbá a lọ́wọ́ mú.

"Kòfó ọmọ mi, ṣé ó ti kọ̀wé sí ọ?"

"Mà, ó ti fẹ́yàwó níbẹ̀," ni Kòfó dáhùn, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó ti gbà á gbọ́ títí tó fi ń rọrùn fún un láti sọ.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi àwo kẹta sínú ẹ̀rọ. Kòfó ń jẹ bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹ̀pà, ó ń fi ojú kan wo bí àwọn ìlà ṣe ń gòkè. Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì, ohun kan tó jọ èdè Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan kọjá tí ojú rẹ̀ kà kó tó mọ̀ pé òun kà á. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, àmọ́ Yorùbá ni èyí tó tẹ̀ lé dotbelow nínú rẹ̀: ami isale ko gbodo kan ila to wa nisale.

Ó gbé bọ̀ọ̀lì sílẹ̀.

"Julius, dá a dúró."

"Kí lẹ rí?"

"Dá a dúró ná."

Òun ló kọ ìlà náà. Ó rántí ọjọ́ tó kọ ọ́, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti tẹ odidi ojú ìwé kan tí gbogbo àmì ìsàlẹ̀ sì ti já lu orí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. Ó ṣí fáìlì náà. Ètò wọn ni, látòkè délẹ̀. Ó ti gùn ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ, àwọn ẹlòmíràn ti kọ nǹkan kún un, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀ wà níbi tí wọ́n wà. Lókè pátápátá, níbi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe ètò sí, orúkọ méjì ló wà: Adéṣínà, àti Kòfowórọlá, Lagos.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí i lọ́kàn ni pé kò yọ orúkọ òun. Gbogbo ọdún tó fi bínú, orúkọ òun wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, wọ́n ń pín in kiri ayé nínú àwo. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, omijé sì ti kún ojú rẹ̀. Julius rí i, ó sì rò pé inú rẹ̀ dùn.

Fáìlì kan tún wà nínú àpò ètò náà, èyí tí àwọn akọ-ètò máa ń kọ àyípadà sí, ohun tí wọ́n tún ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe. Kòfó ṣí i. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ohun tó sì sọ nìyí:

Adéṣínà kú ní oṣù kejì ọdún 1995 nílé ìwòsàn, nígbà tó kù díẹ̀ kó parí àmì ohùn. Àwa mẹ́rin la parí rẹ̀ fún un. A ò gbọ́ Yorùbá. Bí a bá ṣe àṣìṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà láàárín kóòdù, a ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, a ò sì yọ ọ̀kankan. A kọ lẹ́tà sí Kòfowórọlá ní Lagos, ẹni tí wọ́n jọ ṣe é, sí àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí a ní. Lẹ́tà náà padà sọ́wọ́ wa láìṣí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó bá wa sọ fún un.

Ó kà á tán, ó tún padà sókè, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Julius ti wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, òun náà ti kà á.

"Àǹtí Kòfó," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń wá?"

"Èmi ni mo dá a padà," ni Kòfó wí.

"Kí lẹ dá padà?"

Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó jókòó padà, ó tún dìde. Ẹ̀gbọ́n Ìbíkúnlé jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó fa àga kan, ó jókòó tì í. Ohun tó dára jù tí ẹnikẹ́ni ṣe fún un lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ọjọ́ kejì, Kòfó ṣáájú gbogbo wọn dé ṣọ́ọ̀bù. Kò tún wá àmì abẹ́ lẹ́tà mọ́. Orúkọ Adéṣínà ló fún kọ̀ǹpútà, ó ní kó wá a nínú gbogbo àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Odidi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá a nítorí iná tí NEPA ń mú lọ. Julius ń pààrọ̀ àwo, kò sì béèrè ohunkóhun. Ibi mẹ́tàdínlógún ni orúkọ náà ti jáde. Nínú ètò kan tí àwọn ará Finland ṣe, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àṣìṣe kan tó rí. Nínú ìwé àlàyé kan, òun ló kọ orí tó sọ bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ń ka lẹ́tà. Ó kọ ọ́ yéni bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwo karùn-ún ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn akọ-ètò ń kọ síra wọn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tó kọ gbẹ̀yìn, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995. Ó ní kí wọ́n má bínú pé iṣẹ́ òun falẹ̀, àyà ló ń dun òun, òtútù ibi tí òun ń gbé sì pọ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ẹni tó ń lọ sí Lagos, kó jọ̀ọ́ bá òun mú dísíìkì kan dání fún ẹni tí àwọn jọ ṣe é, nítorí lẹ́tà tí òun ń kọ kò jọ pé ó ń dé ibẹ̀, àti pé kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ fún òun bóyá àmì ohùn náà tọ̀nà.

Èèyàn mẹ́ta ló fèsì. Wọ́n kí i pé ara á yá. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń lọ sí Lagos.

Ọ́fíìsì kan wà ní Sùúrùlérè nígbà yẹn tó ń báni fi í-meèlì ránṣẹ́. Kòfó lọ síbẹ̀, ó kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, ará Netherlands, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn àpòòwé tó dá padà. Ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ kẹrin, èsì dé, ojú ìwé méjì. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé Adéṣínà ò ní ìwé ìgbélùú. Ìwé ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Yẹ̀kínnì ló fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí, orúkọ náà ni wọ́n sì fi gbà á sílé ìwòsàn, òun náà ni wọ́n fi sin ín. Adéṣínà ti bẹ̀ ẹ́ kó má sọ orúkọ òun gan-an fún ilé ìwòsàn tàbí ìjọba, kó má bàa kó bá ẹni tó yá òun ní ìwé. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn kankan ò fi dé ilé. Nínú àwọn ará ilé, Kòfó nìkan ló ní kó sọ fún.

Ó wá ku ìyá Adéṣínà tí wọn ò tíì sọ fún.

Kòfó mọ̀ pé òun ò lè dá lọ. Ẹ̀gbọ́n Ìbíkúnlé ló tẹ̀ lé e ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ìyá Adéṣínà ń gbé nítòsí omi, ibi tó ti ń yan ẹja, ó sì ń to ẹja tútù sórí àwọ̀n irin nígbà tí wọ́n wọlé. Ó rí Kòfó, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì lé e.

"O ti rù," ló sọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà." Kòfó kúnlẹ̀, kò sì dìde.

Ẹ̀gbọ́n Ìbíkúnlé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, ó ń béèrè àlàáfíà, ó ń sọ pé ohun tí Ọlọ́run bá ṣe kò sí ẹni tó lè bi í. Ìyá náà gbọ́ díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí Kòfó sọ ọ́. Òun ló mọ ilé yìí."

Kòfó sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìgbé orí sókè, oṣù àti ọdún, àyà tó ń dùn ún, ilé ìwòsàn. Ó sọ ti lẹ́tà tó dá padà. Ó sọ pé òun ló parọ́ ìyàwó, pé kò sí ìyàwó kankan. Nígbà tó parí, èéfín ẹja ti gba àárín wọn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ẹ kúrò.

Ìyá náà ti jókòó sórí àpótí.

"Kò sí ìyàwó," ló ní.

"Kò sí, mà."

"Mo máa ń gbàdúrà fún un. Ìyàwó yẹn. Mo kọ́kọ́ bínú sí i, mo wá sọ pé kí ló ṣe fún mi, kó ṣáà máa fún un lóúnjẹ." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ti sọ ọmọ wọn lórúkọ. Tiwalọlá. Mo ti pe orúkọ yẹn lójú àdúrà fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta."

Kòfó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìbíkúnlé yíjú sí ẹ̀gbẹ́ omi.

"Ta ló sin ín?" ni ìyá náà bi í.

"Orúkọ mùsùlùmí ló wà nínú ìwé rẹ̀, mà. Àwọn mùsùlùmí ìlú náà ló wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára. Wọ́n rò pé tiwọn ni."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n rí?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n rí, mà. Àwọn ogún ló wá."

Ìyá Adéṣínà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ mi orí. "Ọlọ́run á ṣe tiwọn náà fún wọn," ló sọ. Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀. Ó sunkún, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo, ó kàn ń mì láti èjìká wá sílẹ̀, ó sì di etí àpótí mú. Obìnrin kan ní ilé kejì yọjú, ó rí i, ó sáré wá dì í mú láìbéèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó ní kí wọ́n fi ibi tí ọmọ òun kọ nǹkan sí han òun. Kòfó ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé wá. Ìyá náà lè ka Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò ríran mọ́ pẹ̀lú èéfín àti omijé, ó ní kí Kòfó kà á fún òun. Kòfó fo gbogbo kóòdù, ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wà láàárín rẹ̀.

"Ibí yìí, ó kọ ọ́ pé: ebi ń pa mí, màá parí èyí lọ́la."

"Ó máa ń gbàgbé àtijẹun," ni ìyá náà wí.

"Ibí: bí èyí bá bàjẹ́, kì í ṣe èmi."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín kékeré kan tó jáde láìròtẹ́lẹ̀. Ó ní bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn láti kékeré.

"Ibí sì ni," Kòfó ní, ó fi ìka tẹ ìlà náà. "Ó kọ ọ́ pé: Kòfó ní kí n má fọwọ́ kan ibí yìí. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Kò lè ka èyí tó kù. Ẹ̀gbọ́n Ìbíkúnlé gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á parí.

Ìyá Adéṣínà kò sọ pé òun dárí jì í, Kòfó náà ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní kí Kòfó má wá lọ́la, òun fẹ́ dá wà. Ó ní kó wá lọ́jọ́ Sunday, ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀la, àdúrà á wà. Ó ṣa ẹja mẹ́ta tó ti jinná, ó fi ìwé wé e, ó gbé e fún un bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì wo ojú rẹ̀.

Àṣìṣe wà lóòótọ́ nínú àmì ohùn tí àwọn mẹ́rin náà parí. Níbi tí àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ bá ti pàdé lára lẹ́tà kan, àmì orí ń lọ bọ́ sórí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Kòfó tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi ránṣẹ́ sí wọn láti ọ́fíìsì Sùúrùlérè, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ìwé orin náà jáde. Alàgbà yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìwé lójú ìwé, kò rí ibi tó máa bá wí. Ó pè wọ́n sí ìkójáde rẹ̀. Julius lọ, Kòfó ò lọ.

Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo ìyẹn, ní ọjọ́ Sunday àdúrà, èèyàn kún iwájú ilé náà dé etí omi. Pásítọ̀ ṣe díẹ̀, nígbà tó parí, ìyá Adéṣínà bẹ àfáà àdúgbò kan pé kó bá wọn ṣe díẹ̀ nítorí àwọn tó sin ọmọ òun. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Kòfó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, ó gba oúnjẹ nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà títí dé Yábàá. Ó ń gbìyànjú láti rántí ohùn Adéṣínà, bó ṣe ń pe orúkọ òun gan-an. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, ó lè kà á látorí. Ohùn náà ni kò wá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan níbi tí ariwo ò pọ̀ sí, ó pa ojú dé, ó dúró pẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ohùn náà kò wá.